Àsáró Tí Kò Ní Edé

Bí ẹ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ wa, ní ọ̀nà Ìdèrè ní Igbó-Ọrà, tí ẹ béèrè Ìyáàfin Salome Bámiṣẹ́, wọ́n lè sọ fún yín pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ní Màmá Elédé lẹ ń wá, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá á fà yín lọ́wọ́ lọ sí ilé ìdáná. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀ ní tèmi. Obìnrin tó bímọ, tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Àràmídé, Màmá Àràmídé ló yẹ kí á máa pè é. Mo ti sọ èyí ní ìpàdé olùkọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn ò gbọ́.

Àwọn kan sọ pé Ìbàdàn ló ti kọ́ oúnjẹ sísè. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èrúwà ni wọ́n bí i sí, Èrúwà náà ló ti kọ́ ọ, lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tó máa ń se oúnjẹ fún àwọn alágbàro lóko. Nígbà tó dàgbà, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọgbà Pólì, ó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti àsáró fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àsáró rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀, edé ló sì sọ àsáró náà di ohun tó jẹ́. Kì í da edé sínú ìkòkò bó ṣe rà á lọ́jà. Á kọ́kọ́ ṣà á, á yan án díẹ̀ nínú ìkòkò gbígbẹ títí òórùn rẹ̀ á fi kan títì, kó tó wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Awakọ̀ kan tó ń ná Èrúwà sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí dúró jẹun níbẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí ebi ò pa á. Òun ni Bàbá Àràmídé. Ọmọ Igbó-Ọrà ni, bí ìyàwó rẹ̀ náà ṣe di ará Igbó-Ọrà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló dá oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Èmi ni mo dá a lábàá, nítorí ó ti sú mi láti máa kọ́ ọmọ tó ń sùn. Bísíkíìtì àti súùtì ni wọ́n ń jẹ nígbà ìsinmi, tó bá fi máa di ọ̀sán, ìdajì kíláàsì mi á ti gbórí lé tábìlì. Àwọn òbí gbà. Ẹni tó lóko iṣu ní Ìgangan ń mú iṣu wá, ẹni tó lẹ́wà ń mú ẹ̀wà, ẹni tó lẹ́fọ̀ọ́ lẹ́yìnkùlé ń já ẹ̀fọ́. Wọ́n wá bẹ Màmá Àràmídé pé kó máa bá wa sè é.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ fún un pé ẹ̀fọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú oúnjẹ lójoojúmọ́.

Ó ní, “Tíṣà, àwọn ọmọ kì í fẹ́ rí ewé tútù nínú àsáró.”

“Kí wọ́n dijú jẹ ẹ́.”

Kò bá mi jiyàn. Ó rẹ́ tẹ̀tẹ̀ náà wẹ́wẹ́ débi pé ọmọ tó bá fẹ́ ṣà á kúrò á ṣà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé obìnrin yìí àti èmi lè jọ ṣiṣẹ́.

Ní sáà tó kọjá, ìbejì kan wọ kíláàsì mi, Táyé àti Kẹ́hìndé Akínladé. Ọmọbìnrin ni àwọn méjèèjì. Ìgangan ni wọ́n ti wá, lọ́dọ̀ ìyá bàbá wọn, ẹni tí kì í fi ohun mìíràn sebẹ̀ ju irú àti ẹja lọ. Jàmílàt ni orúkọ ìyá wọn. Ó máa ń lọ ra gààrí àti láfún ní Ayété, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló sì ń jáde nílé. Àwọn ọmọ náà jọra bí ẹ̀yìn ṣíbí méjì. Nígbà tí mo bá bá ọ̀kan wí, ìkejì ló máa ń sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ àsáró. Ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kọ́kọ́ bá wa jẹun, Kẹ́hìndé kò tíì jẹ oúnjẹ rẹ̀ dé ìdajì tí ètè rẹ̀ fi wú. Ọrùn àti apá rẹ̀ lé kúlúkúlú, ó ń họra. Táyé jókòó tì í, ó ń jẹun lọ, nǹkan kan ò ṣe é. Èmi àti Màmá Àràmídé gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn, ó dúró tì í títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí bi wá ní ohun tó wà nínú oúnjẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí edé, ó dúró.

Ó ní, “Edé ni. Ara ọmọ yìí kọ̀ ọ́.”

Màmá Àràmídé ní, “Edé mi? Edé tí mo fọwọ́ ara mi ṣà?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Edé yín dáa. Ara ọmọ ni ò gbà á. Kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́, torí ẹ̀ẹ̀kejì lè le ju èyí lọ.”

Nígbà tí a padà dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, Màmá Àràmídé ní, “Láti kékeré mi ni mo ti ń fún ènìyàn ní edé yìí, Tíṣà. Èmi ò mọ̀ pé ó lè na ọmọ.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá ìkòkò kékeré kan fún oúnjẹ Kẹ́hìndé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Jàmílàt wá dúpẹ́, àmọ́ kó tó lọ, ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ohun tí ẹ bá bù fún Kẹ́hìndé, ẹ máa bù ú fún Táyé náà.”

Màmá Àràmídé ní, “Ìyá Ìbejì, edé ò ṣe Táyé ní nǹkan.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ya oúnjẹ wọn. Táyé á bínú.”

“Á bínú sí ta ni?”

“Ẹ̀yin ò tíì bí ìbejì, Màmá. Ẹ ò lè mọ̀.”

Ẹni tó bá ti gbé Igbó-Ọrà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àwàdà. Ohun tí ẹ bá ṣe fún ọ̀kan, ẹ ṣe é fún èkejì, ìbáà jẹ́ aṣọ, ìbáà jẹ́ bàtà, ìbáà jẹ́ àsáró. Màmá Àràmídé gbà. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ láti inú ìkòkò kékeré. Àmọ́ oúnjẹ tí kò ládùn kò lè ti ọwọ́ obìnrin yìí jáde kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ń wo ìkòkò kékeré náà, ó ń káàánú rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ òrukàn ni. Ní ọjọ́ kejì, ó se ẹyin méjì, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orí abọ́ àwọn ọmọ náà.

Ẹyin yẹn ló dá ọ̀ràn.

Àwọn àlejò máa ń sọ pé kò sí ilé tí kò ní ìbejì ní ìlú wa. Àsọdùn ni. Ṣùgbọ́n kò sí kíláàsì tí wọn ò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, èyí sì jẹ́ òótọ́. Àwọn ìbejì yòókù rí Táyé, wọ́n rí Kẹ́hìndé, wọ́n rí ẹyin. Wọ́n délé, wọ́n sọ pé wọ́n ti ń se oúnjẹ ìbejì lọ́tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ìyá wọn ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọmọ́tárá, tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì kẹrin, ló ń ṣáájú wọn.

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Elédé. A gbọ́ pé oúnjẹ ìbejì ti bẹ̀rẹ̀. A wá dúpẹ́ ni.”

“Oúnjẹ ìbejì wo?”

“Ti inú ìkòkò kékeré. Ẹlẹ́yin.”

“Ọmọ tí ara rẹ̀ kọ edé ni mo ń se ìyẹn fún, Ọmọ́tárá.”

“Ara àwọn tèmi náà kọ edé.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí ẹyin ti wọ̀ ọ́.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Màmá Àràmídé náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n má gbàgbé Ìdòwú òun, nítorí ẹni tó bá bọ́ ìbejì tí kò bọ́ Ìdòwú wàhálà ló ń wá. Ẹlòmíràn ní òun ní Àlàbá nílé, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ṣé wọ́n lè máa fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Mo jáde sí wọn, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń ṣàlàyé ìṣirò, lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa. Nígbà tí mo parí, Ọmọ́tárá ní, “A ti gbọ́, Tíṣà. Ẹyin yẹn ńkọ́?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àìsàn bẹ́ sílẹ̀ ní kíláàsì mi. Bí ọ̀kan ṣe ń họ apá ni èkejì ń họ ikùn. Mo ní kí gbogbo wọn na apá síwájú, mo yẹ̀ wọ́n wò láti orí ìjókòó dé orí ìjókòó. Ojú ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ wọ́n àti ìdọ̀tí ni mo rí.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà wa, Ọ̀gbẹ́ni Adérógbà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí àwọn ìyá wá bá òun láàárọ̀. Ó pe èmi àti Màmá Àràmídé.

Ó ní, “Ìkòkò kan ni ẹgbẹ́ òbí fọwọ́ sí. Mi ò fẹ́ rí ìkòkò kékeré yẹn mọ́. Kí ọmọ náà máa gbé oúnjẹ wá láti ilé.”

Màmá Àràmídé ní, “Ìyá rẹ̀ ti máa ń wà ní Ayété kí àwọn ọmọ tó jí, sà.”

“Kó sè é mọ́jú.”

“Á kan kó tó dọ̀sán, sà. Ooru yìí kò ní jẹ́.”

“Màmá, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?”

Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́hìndé gbé búrẹ́dì wá nínú ọ̀rá. Wọ́n ní kó lọ jẹ ẹ́ ní kọ́rídọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa kan oúnjẹ ẹlòmíràn. Táyé gba abọ́ tirẹ̀, ó gbé e síwájú, kò jẹ ẹ́. Mo ní kó jẹun. Ó ní ebi ò pa òun. Nígbà tí mo yíjú, ó ti dìde lọ bá Kẹ́hìndé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Kẹ́hìndé ṣẹ́ búrẹ́dì sí méjì, ó fún un ní apá kan. Búrẹ́dì náà kò tó ẹnì kan jẹ yó.

Màmá Àràmídé rí wọn láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ, mo tẹ̀ lé e.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fún mi di ọjọ́ Ẹtì. Ìkòkò kan náà ni màá gbé kaná, gbogbo wọn á jẹ níbẹ̀, Kẹ́hìndé á jẹ níbẹ̀.”

Ọ̀gá ní, “Láìsí edé?”

“Láìsí edé.”

“Àsáró yín?”

“Àsáró mi, sà.”

Ọ̀gá ní, “Bí àwọn ọmọ bá jẹ ẹ́ tán, ó ti di bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá dà á nù, edé padà sínú ìkòkò, ọmọ yẹn á máa gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Èmi fúnra mi á wá tọ́ ọ wò.”

Nígbà tí a jáde, mo ní, “Màmá Àràmídé, ó dá yín lójú?”

Ó ní, “Kò dá mi lójú rárá.”

Mo ní bó bá jẹ́ pé a fẹ́ ṣe é, kí á ṣe é tán: kí á bi gbogbo òbí ohun tí ara ọmọ wọn kọ̀, kí ohun tí a fẹ́ fi rọ́pò edé má lọ na ọmọ ẹlòmíràn. A dúró sí ẹnu géètì nígbà tí wọ́n ń mú ọmọ wá, a ń bi wọ́n. Bàbá kan ní ọmọ òun kì í jẹ ẹ̀fọ́. Mo sọ fún un pé ìyẹn kì í ṣe ara, ìwà ni. Òmíràn ní àwọn kì í jẹ ọ̀kẹ́rẹ́ nínú ìdílé wọn. Màmá Àràmídé fi í lọ́kàn balẹ̀ pé òun kò ní in lọ́kàn láti se ọ̀kẹ́rẹ́. Ìyá kan ní wàrà máa ń yọ ọmọ òun lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru ni. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, a dì í mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wàrà kì í dé àsáró. Kò sí ẹni tó ní ẹja tàbí ẹ̀gúsí ń na ọmọ òun.

Bẹ́ẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí dán àsáró tuntun náà wò nílé Màmá Àràmídé, lẹ́yìn ìparí iṣẹ́. Ó fi irú sí ti àkọ́kọ́. Mo tọ́ ọ wò.

Mo ní, “Ọbẹ̀ ni èyí. Kì í ṣe àsáró.”

“Ó burú ni?”

“Kò burú. Ó kàn ń wá òkèlè.”

Bàbá Àràmídé, tó ti jẹ tirẹ̀ tán, ní èmi ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tí òun rí tó ń fún àsáró ní máàkì.

Ní ìgbà kejì, ó fẹ́ ju mágí sí i. Mo gba páálí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á lábẹ́ iná. Edé wà nínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ojú èèrà. Ó ju páálí náà sórí pẹpẹ, ó ní edé ń tẹ̀ lé òun kiri. Òótọ́ ló sọ, nítorí nígbà tí a ro ọ̀rọ̀ ọlọ rẹ̀, a rí i pé a ò lè lò ó, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fọ ọlọ tó ti lọ edé láti ìgbà tí Màmá Àràmídé ti wọlé ọkọ, tí edé á tán lára rẹ̀. Ó lọ yá ti ìyá ọkọ rẹ̀, èyí tí kò lọ edé rí. Ẹja gbígbẹ tó fẹ́ fi rọ́pò edé, kò rà á lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀ tó ń pàtẹ ẹja àti edé sórí àtẹ kan náà. Ó rìn jìnnà lọ́jà títí ó fi rí ẹni tó ń ta ẹja nìkan. Oníbàárà rẹ̀ rí i tó ń gbé ẹja ẹlòmíràn kọjá, ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn nínú títí di òní.

Àmọ́ ẹja nìkan kò tíì tó. Àsáró náà jinná, ó pọ́n, ó ṣì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò parí rẹ̀. Màmá Àràmídé jókòó ti ìkòkò, ó ń wo ẹ̀gúsí tí ìyá ọkọ rẹ̀ sá sórí ẹní. Ó dìde, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sínú ìkòkò gbígbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí yan án, bó ṣe máa ń yan edé gẹ́lẹ́. Ẹ̀gúsí náà ń ta pàrà, ó ń pọ́n, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ó lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ ẹja tó ti gún, ó dà á sínú àsáró. Ó bu díẹ̀ fún mi.

Mo jẹ ẹ́. Ó ń wò mí lẹ́nu.

Mo ní, “Iyọ̀ rẹ̀ kò tó.”

“Lẹ́yìn iyọ̀ ńkọ́?”

“Ẹ bu òmíràn fún mi.”

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ti dé ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni tó ṣí géètì. Ìkòkò ńlá náà, ó ti fi eérú àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Nígbà tí agogo ọ̀sán dún, àwọn ọmọ tò, Kẹ́hìndé tò láàárín wọn, ó gba abọ́ rẹ̀ bíi ti gbogbo ayé. Mo fi ìjókòó mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń wo ètè rẹ̀. Ọ̀gá kò tíì dé, wọ́n pè é sí ìpàdé kan nínú ìlú.

Ìyanu, ọmọ kíláàsì karùn-ún tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló kọ́kọ́ fi ṣíbí kàn án. Ó jẹ ẹ́, ó dúró.

Ó ní, “Kò sí edé ńbẹ̀.”

Gbogbo wọn wo abọ́ wọn. Màmá Àràmídé, tó dúró nídìí ìkòkò, yí ẹ̀yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí nu ṣíbí ńlá tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyanu jẹ ìkejì. Ó jẹ ìkẹta, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọmọ́tárá bi í pé kí ló wá wà ńbẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, kó jẹ́ kí òun jẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ṣíbí ni mo ń gbọ́. Táyé jẹ tirẹ̀ tán, ó wo inú abọ́ Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé fi apá bo abọ́ rẹ̀. Mo ní kó yọ ahọ́n rẹ̀, ó yọ ọ́. Mo wo ọrùn rẹ̀, mo wo apá rẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán, epo nìkan ló wà létè rẹ̀. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́ kí n tó gbà pé kò sí nǹkan kan.

Àwọn ọmọkùnrin kan ti ń bẹ Màmá Àràmídé pé kó jẹ́ kí àwọn ha ìsàlẹ̀ ìkòkò nígbà tí Ọ̀gá wọlé, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú.

Ó ní, “Ẹ bu tèmi wá, Màmá. Mo ṣèlérí pé màá tọ́ ọ wò.”

Màmá Àràmídé wo inú ìkòkò. “Ó ti tán, sà.”

“Tán báwo?”

“Wọ́n jẹ ẹ́ tán, sà.”

Ọ̀gá súnmọ́ ìkòkò, ó wo inú rẹ̀, ó wo àwọn ọmọkùnrin tó ń lá ṣíbí. “Kí ni mo wá fẹ́ fi ṣe ìdájọ́ báyìí?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ ní bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán.”

Ó ní ó ti di bẹ́ẹ̀ nìyẹn, àmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ kí wọ́n bu tòun sílẹ̀ kí wọ́n tó lu agogo. Ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú ebi.

Màmá Àràmídé jókòó sórí àpótí nídìí ààrò. Òun náà kò tíì fẹnu kan nǹkan láti òwúrọ̀. Mo já búrẹ́dì tí mo gbé wá sí méjì, mo fún un ní apá tó tóbi jù.

Ó ní, “Ẹ̀wà ló kàn lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà. Báwo ni a ṣe fẹ́ se ẹ̀wà láìsí edé?”

Mo ní, “Kí á fi àlùbọ́sà tó pọ̀ sí i. Kí á dín in díẹ̀ nínú epo kó tó—”

Ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n jẹun ná.”